Àwo Mẹ́ta Lórí Tábìlì: Ohun Tí Mo Kọ́ Nípa Fífi Nǹkan Wé Nǹkan

Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní èdè Yorùbá ní ìlú Ìbàdàn, kò sì sí ìbéèrè ìdánwò tí ó ti dà mí láàmú tó èyí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ṣe ìfiwéra." Kì í ṣe pé ìbéèrè náà le ju àwọn yòókù lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n mọ iṣẹ́ wọn dáadáa, tí wọ́n lè sọ ìtàn, tí wọ́n lè ṣàpèjúwe ọjà títí òórùn ata yóò fi gba imú òǹkàwé, àwọn gan-an ni wọ́n ń kùnà nínú rẹ̀, àṣìṣe kan náà ni gbogbo wọn sì ń ṣe.

Bí mo bá ní kí wọ́n fi gàrí wé fùfú, ọmọ kan yóò kọ odidi ojú-ìwé kan nípa gàrí: bí a ṣe ń bó ẹ̀gẹ́, bí a ṣe ń rin ín, bí a ṣe ń yan án, bí ó ṣe dùn tó pẹ̀lú omi tútù àti ẹ̀pà. Yóò fa ìlà sí ìdí rẹ̀, yóò sì tún kọ odidi ojú-ìwé mìíràn nípa fùfú. Ní ìparí, yóò kọ ọ́ pé gàrí dára ju fùfú lọ, iṣẹ́ parí nìyẹn. Ohun tí ó kọ nípa gàrí jẹ́ òtítọ́, èyí tí ó kọ nípa fùfú náà jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò pàdé níbì kankan nínú ìwé rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí n fi bírò pupa kọ "Ìfiwéra dà?" sí etí ìwé, kí n sì dín máàkì kù. Nígbà tí mo rí i pé ìyẹn kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n fa ìlà sí àárín ojú-ìwé, kí gàrí wà ní apá kan, kí fùfú wà ní apá kejì. Wọ́n fa ìlà náà. Ọmọ kan kọ "Gàrí funfun" sí apá òsì, ó sì kọ "Fùfú máa ń rùn" sí apá ọ̀tún tí ó kọjú sí i. Mo wo ìwé náà pẹ́, nítorí mo mọ̀ pé ó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kí ó yé ọmọdé.

Kì í ṣe inú kíláàsì ni ojú mi ti là. Ní ọdún tí a fẹ́ sin ìyá ọkọ mi, èmi ni wọ́n yan láti ra gàrí tí a ó lò. Mo lọ sí ọjà méjì, mo béèrè iye tí wọ́n ń ta kóńgò kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ra kóńgò mẹ́wàá ní ọjà tí owó rẹ̀ kéré, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ tí n ó kọ́kọ́ gbé hàn wọ́n nílé kí a tó ra àpò. Inú mi dùn bí mo ṣe gbé e wọlé. Ìyàwó àgbà ilé wa, tí ó ti fi òwò gàrí tọ́ ọmọ márùn-ún, fi ọwọ́ bu díẹ̀ nínú rẹ̀, ó wò ó, ó sì bi mí pé, "Ìyàwó, kóńgò wo ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n fún ọ?" Mo ní, "Màmá, kóńgò náà ni." Kò bá mi jiyàn. Ó gbé kóńgò tirẹ̀ jáde, a sì tún gàrí náà wọ̀n. Mẹ́wàá tí mo rà kò pé mẹ́sàn-án. Ẹni tí ó tà á fún mi ti fi òòlù lu ìdí kóńgò rẹ̀ wọ inú, bẹ́ẹ̀ ni láti ìta kò sí ohun tí ó fi yàtọ̀ sí èyí tí ó wà lọ́wọ́ màmá. Lẹ́yìn náà, ó bu ife kan nínú gàrí mi àti ife kan nínú èyí tí ó wà nínú ilé, ó da omi tútù tí ó dọ́gba sí méjèèjì, ó ní kí n jókòó kí n máa wò ó. Gàrí tirẹ̀ wú dé ẹnu àwo. Tèmi sùn sí ìdí àwo, omi sì wà lórí rẹ̀. Ó wá sọ fún mi pé, "Owó lo fi wé owó. O ò tíì fi gàrí wé gàrí."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí ìsìnkú fi kọjá. Ohun tí mo ṣe ní ọjà kò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ń ṣe nínú ìwé. Mo gbọ́ "kóńgò" ní ọjà méjèèjì, mo sì rò pé nígbà tí orúkọ ti jẹ́ ọ̀kan, òṣùwọ̀n náà ti di ọ̀kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, n kò bi ara mi léèrè ohun tí mo ń wá gan-an. Ẹni tí ó ń ra gàrí fún ìnáwó ń wá èyí tí yóò wú, tí àwọn àlejò yóò jẹ yó. Iye owó kóńgò kan kò lè sọ ìyẹn fún un. Ìgbà náà ni ó yé mi pé ẹni tí ó fẹ́ fi nǹkan méjì wéra gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìbéèrè tí ó fẹ́ bi wọ́n, kí ó sì bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè kan náà. Ọmọ tí ó kọ "funfun" sí òdìkejì "máa ń rùn" bi gàrí nípa àwọ̀ rẹ̀, ó sì bi fùfú nípa òórùn rẹ̀. Kò sí bí ìdáhùn wọn ṣe lè pàdé.

Nígbà tí a wọlé sáà tuntun, mo gbé àwo mẹ́ta lọ sí kíláàsì. Mo bu gàrí sí ọ̀kan, mo bu fùfú tútù tí a kò tíì rò sí èkejì, mo sì bu ìyẹ̀fun láfún sí ẹ̀kẹta. N kò jẹ́ kí wọ́n kọ ohunkóhun. Mo ní kí a kọ́kọ́ wá ohun tí ó so wọ́n pọ̀, nítorí bí kò bá sí ohun tí ó so nǹkan méjì pọ̀, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kò ní ohun tí yóò sọ fún wa. Kò sí ẹni tí yóò jókòó máa ka ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín gàrí àti òjò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ẹ̀gẹ́ ni ìyá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀gẹ́ yìí, tí àwọn mìíràn ń pè ní pákí tàbí gbágùúdá, láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá, àwọn Potogí ni wọ́n sì gbé e dé etí òkun Áfíríkà. Lónìí, Nàìjíríà ni ó ń kórè rẹ̀ jù ní gbogbo àgbáyé.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sí ojú pátákó: kí ni a kọ́kọ́ ń ṣe sí ẹ̀gẹ́ náà lẹ́yìn tí a bá bó o tán? Mo ní kí wọ́n dáhùn rẹ̀ fún àwo kọ̀ọ̀kan kí a tó kọjá sí ìbéèrè mìíràn. Ti gàrí, rírin ni. A ó rin ẹ̀gẹ́ náà ní tútù. Ti fùfú àti ti láfún, rírẹ ni. Inú omi ni ẹ̀gẹ́ náà yóò wà fún ọjọ́ bíi mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ títí yóò fi rọ̀. Mo kọ ìbéèrè kejì: báwo ni omi ṣe ń kúrò lára rẹ̀? A ó di èyí tí a rin sínú àpò, a ó gbé òkúta lé e tàbí kí a fi jáàkì tẹ̀ ẹ́, yóò sì máa kan níbẹ̀ bí omi rẹ̀ ti ń jò. Bí ó bá ṣe pẹ́ tó nínú àpò ni yóò ṣe kan tó, ìdí nìyẹn tí gàrí Ìjẹ̀bú fi máa ń ta lẹ́nu. A ó sẹ́ fùfú pẹ̀lú omi kí okùn inú rẹ̀ lè kúrò, a ó jẹ́ kí ó tòrò, a ó wá fún omi rẹ̀ dànù. Láfún ni a ń fún, tí a ń sá sí oòrùn, lórí àpáta ní ọ̀pọ̀ ìgbà ní ìlú bíi Abẹ́òkúta, títí yóò fi gbẹ tí a ó sì lọ̀ ọ́. Ìbéèrè kẹta ni pé, ṣé iná ti kan án kí ó tó dé ọjà? Gàrí nìkan ni iná ti kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ti na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé ìdí nìyẹn tí a fi lè da omi tútù sí gàrí kí a sì mu ún, tí a kò lè da omi tútù sí láfún kí a mu ún?" N kò kọ́ ọ. Kò sí nínú ìwé kankan tí mo fún wọn. Ìyàtọ̀ kan tí ó dúró sí àyè rẹ̀ ni ó ṣí ọ̀nà fún un láti rí ìdí ohun tí ó ti ń ṣe láti kékeré láìbéèrè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé èrè ìfiwéra wà nínú "ìdí" yìí. Ẹni tí ó kọ ìyàtọ̀ mẹ́wàá sílẹ̀ láìmọ ìdí ọ̀kan nínú wọn kò tíì ṣe ju ẹni tí ó ka ẹrù lọ.

Mo lo àǹfààní náà láti sọ fún wọn nípa májèlé tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Ẹ̀gẹ́ ní èròjà kan tí ń jẹ́ linamarin, tí ó máa ń di májèlé cyanide nígbà tí ara ẹ̀gẹ́ bá fọ́. Rírin a máa fọ́ ọ, kí májèlé náà lè bá omi àti ooru iná lọ. Rírẹ sínú omi fún ọjọ́ púpọ̀ náà a máa mú un jáde. Ọ̀nà méjèèjì yàtọ̀ síra, ibi kan náà ni wọ́n ń lọ. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, ẹ̀gẹ́ tí ó korò àti ẹ̀gẹ́ tí ó dùn lè jọra lójú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò gbìn wọ́n kò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀ nípa wíwò nìkan, bẹ́ẹ̀ ni májèlé inú ọ̀kan fi púpọ̀ ju ti èkejì lọ. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìfiwéra kọjá ọ̀rọ̀ máàkì ìdánwò.

Ìbéèrè tí ó fún mi ní iṣẹ́ jù ni ti ọmọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta oúnjẹ. Ó ní, "Mà, nínú ẹ̀bà àti àmàlà dúdú, èwo ni ó sún mọ́ àmàlà láfún jù?" Apá kan kíláàsì pariwo pé àmàlà dúdú ni, nítorí pé orúkọ wọn jẹ́ ọ̀kan. Apá kejì ní ẹ̀bà ni, nítorí pé ọmọ ẹ̀gẹ́ ni àwọn méjèèjì, nígbà tí àmàlà dúdú jẹ́ ọmọ iṣu. N kò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí n lọ rò ó, mo sì rò ó títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí ó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá ni a ń béèrè, ẹ̀bà ni ìbátan àmàlà láfún. Bí ó bá jẹ́ bí a ṣe ń ṣe é ni, àmàlà dúdú ni, nítorí pé ohun tí a sá tí a sì lọ̀ ni àwọn méjèèjì, orí iná ni a sì ti ń fi omi gbígbóná rò wọ́n. Ẹ̀bà ní tirẹ̀, a kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni. Nígbà tí mo padà dé, mo sọ fún wọn pé apá méjèèjì ni ó gbà á, àti pé ìjà wọn wáyé nítorí pé ìbéèrè méjì ni wọ́n ń dáhùn láìmọ̀. Mo rántí pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà níwájú gbogbo kíláàsì, ó sì tọ́ sí i.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kíyè sí bí èdè wa fúnra rẹ̀ ṣe ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí. A ní "jọ," a ní "tó," a ní "yàtọ̀ sí," a sì ní "ju…lọ," iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni olúkúlùkù ń ṣe. Ṣùgbọ́n "ju" nìkan ni àwọn ọmọ mi máa ń mú jáde, bóyá nítorí àròkọ aláríyànjiyàn tí a ti fi kọ́ wọn láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pé iṣẹ́ olùkọ́ dára ju iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ, tàbí pé ìlú ńlá dára ju abúlé lọ. Gbogbo ìfiwéra ti di ìdíje lójú wọn, ẹnìkan gbọ́dọ̀ borí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú "ju" ni ó yẹ kí ó sọ ibi tí a ti ń wọ̀n wọ́n: ga ju, wúwo ju, kan ju, wú ju. "Dára ju" kò sọ ibì kankan. Nítorí náà ni mo ṣe ṣe é ní òfin nínú kíláàsì mi pé ẹni tí ó bá kọ "dára ju" gbọ́dọ̀ kọ "fún kí ni" tẹ̀lé e. Láfún dára ju gàrí lọ fún ẹni tí kò ní eyín. Gàrí dára ju láfún lọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní sítóòfù.

Àwọn àgbà tí wọ́n pa á lówe pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, mọ iṣẹ́ yìí ju èmi lọ. Mo máa ń kọ òwe náà sí ojú pátákó, kí àwọn ọmọ tú u palẹ̀. Ìjọra ni ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́: ọmọdé náà lè ní aṣọ tó ti àgbà. Lẹ́yìn èyí ni ìyàtọ̀ wọlé, kò sì kúrò lórí ọ̀rọ̀ aṣọ. Kò fo láti orí aṣọ ọmọdé lọ sí orí oko àgbà. Ìdí ìyàtọ̀ náà tún wà nínú ọ̀rọ̀ "àkísà," nítorí ọdún tí a ti lò ni ó ń sọ aṣọ di àkísà.

A tún bá ìfiwéra pàdé nínú ẹ̀kọ́ ìró èdè. Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀: lẹ́tà kan náà ni wọ́n ní, ohùn nìkan ni ó yà wọ́n, ó sì tó láti sọ ẹni tí a fẹ́ sílé, ohun tí a wọ̀ lọ sí Èkó, ohun tí a fi ro oko àti ohun tí a gbé lọ sójú ogun di nǹkan mẹ́rin. Ṣùgbọ́n "nílé" àti "lọ́jà" bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà méjì tí ó yàtọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì ní níwájú, ìyẹn "ní." Bí fáwẹ̀lì tí ó tẹ̀lé e bá jẹ́ "i," yóò dúró bí "n", bí ó bá jẹ́ òmíràn, yóò di "l." Ìyàtọ̀ tí ojú rí níbẹ̀ kò yí ìtumọ̀ padà. Ọmọ tí ó ti fi àwo mẹ́ta náà ṣeré kì í pẹ́ lóye èyí.

Gàrí pupa ni mo fi máa ń dán wọn wò. Mo máa ń gbé oríṣi méjì wá tí àwọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Epo pupa ni wọ́n fi sí ọ̀kan. Èkejì kò rí epo rí. Ara ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ni ó pọ́n, nítorí pé ó wá láti inú irú ẹ̀gẹ́ tí ó ní fítámì A, èyí tí wọ́n gbé jáde ní Nàìjíríà ní ọdún 2011 lẹ́yìn iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ní Umudike ní ìpínlẹ̀ Abia àti ní IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó ti wà ní Ìbàdàn níbí láti ọdún 1967. Àwọn ọmọ máa ń sọ pé wọ́n jọra. Tí mo bá sọ ibi tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ti wá, wọ́n á ní wọ́n yàtọ̀. Nígbà náà ni n ó sọ fún wọn pé irú èròjà kan náà tí ara wa ń sọ di fítámì A ni ó fún epo pupa àti ẹ̀gẹ́ náà ní àwọ̀, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ràn àkókò yẹn púpọ̀.

Ní sáà tí ó kọjá, ọmọbìnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti agbègbè Òkìtìpupa mú nǹkan kan wá sí kíláàsì nínú ọ̀rá. Ó rí roboto, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú fún èéfín, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi ọ̀bẹ ha á, inú rẹ̀ funfun. Ó ní púpurú ni, oúnjẹ àwọn Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ, àti pé láti ọjọ́ tí mo ti gbé àwo mẹ́ta wá ni ó ti ń dùn ún pé n kò dárúkọ rẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n tó sọ ohun mìíràn, ọmọkùnrin kan ti ka ìbéèrè àkọ́kọ́ sí i láti ojú pátákó, ó sì dáhùn pé rírẹ ni wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sínú omi bíi ti fùfú. Wọ́n bi í ní ìbéèrè kejì, ó ní wọ́n ń fún un, wọ́n sì ń gbẹ ẹ́ bíi ti láfún, ṣùgbọ́n orí iná àti èéfín ni wọ́n ti ń gbẹ ẹ́. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn béèrè ìdí tí wọn kò fi sá a sí oòrùn. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Omi ni ó yí wa ká, òjò wa sì pọ̀," gbogbo kíláàsì sì dákẹ́ láti kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi dìde lọ sí ibi kọ́bọ́ọ̀dù láti wá àwo kẹrin.